Bàbá Àgbà Tí Mo Yá Fún Ìyá Ọkọ Mi

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Torí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín níbì kan nínú ìtàn yìí, ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo mú òkú olókùú, mo fi ṣe bàbá àgbà fún ẹni tí kò bá a tan, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹni tó bá ṣèèṣì, a máa ń forí jì í. Èmi ò ṣèèṣì.

Avril Bloor lorúkọ mi. Ní ọdún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ amọ̀ kan ní Longton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ń lẹ ọwọ́ mọ́ ara ife tíì. Clive ọkọ mi ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ilé kẹta sí tiwa ni ìyá rẹ̀ ń gbé, Winifred, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Winnie. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ìyá Winnie ní egbò kan tí kò jinná. Bàbá tó bí wọn, Albert Salt, kò sọ̀rọ̀ nípa bàbá tirẹ̀ rí títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbọ́ lẹ́nu ẹ̀: "Enoch Salt lorúkọ ẹ̀, ará Longton ni, ó ti kú. Ẹ jẹ́ ká jẹun." Kò sí fọ́tò, kò sí ìtàn, kò sí sàréè tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ.

Ọmọ ọdún méje ni Ìyá Winnie nílé ìwé nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hilda fi ń kọrin mọ́ wọn ní pápá ìṣeré: "Bàbá Winnie ò ní bàbá! Ojú ọ̀run ló ti já bọ́ bí yìnyín!" Ó ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Hilda ti di Hilda Cartlidge, ó ti di opó, ó ti di ẹlẹ́yín àtọwọ́dá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni òun àti Ìyá Winnie ń lọ. Àga méjì ló máa ń wà láàárín wọn. Wọn kì í bára wọn jà. Wọ́n kàn máa ń kí ara wọn bí ẹni tó gé ahọ́n jẹ ni.

Lọ́jọ́ ìbí tí wọ́n pé ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, Ìyá Winnie gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n ní, "Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi ní bàbá?"

Ẹnu mi yá. Ẹnu mi máa ń yá ju ọpọlọ mi lọ. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi máa bá yín wá a rí láàárín oṣù kan."

Clive wò mí. "Avril, o ò rí kọ́kọ́rọ́ ilé láàárọ̀ yìí. Ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí màmá mi lo wá fẹ́ wá rí?"

Bó ṣe di pé mò ń lọ sí ilé ìkàwé ní gbogbo Sátidé nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wá bàbá ńlá yín rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé ìbí wà níbẹ̀, tí wọ́n to orúkọ gbogbo ọmọ tuntun sí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé ìkànìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn akọ̀wé ìjọba fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á kọ ẹni tó sùn sílé, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀rọ kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ni a fi ń wò wọ́n, á máa yí gírígírí títí ojú á fi máa pọ́n.

Iyọ̀ sì ni "Salt" túmọ̀ sí lédè wa. Iyọ̀ tó bá ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ló máa rí i?

Bàbá kan wà tó máa ń ran àwa olùwádìí lọ́wọ́, Bàbá Podmore, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà ò fẹ́ràn ìkánjú rárá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Enoch Salt kan hàn wọ́n, wọ́n gbé awò ojú wọn sókè.

"Ṣé o ti sin ín?"

"Kí n sin ta ni, Bàbá?"

"Ẹni tí o rí nínú ìwé ìbí, wá a lọ sínú ìwé ikú kí o tó gbé e délé. Ẹni tí o kò bá tíì sin, kì í ṣe tìẹ."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo rí Enoch tèmi. Wọ́n bí i ní Longton lápá ìparí ọdún 1861. Mo bá a nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1871, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé ìwé ìkànìyàn oṣù Kẹrin ọdún 1881, mo wá a títí, mi ò rí i. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ẹ ò rí i? Bí irọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú "bóyá."

Mo wá ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́. Níbẹ̀ ló wà! Oṣù Kìíní ọdún 1881, omi odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ẹrù ti dì, àwọn ọmọdé méjì ń ṣeré lórí ẹ̀, ló bá ya mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Enoch Salt, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, bọ́ bàtà, ó fò sínú omi, ó gbé àwọn méjèèjì jáde láàyè.

Mo pariwo nínú ilé ìkàwé. Wọ́n ní kí n jáde. Mo jáde tayọ̀tayọ̀.

Ojú fèrèsé ni Ìyá Winnie máa ń jókòó sí ní gbogbo Sátidé láti dúró dè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀. Ta ló máa sọ ọ́ ní ìkarùn-ún, nígbà tí akọni wà nínú báàgì rẹ̀?

"Ìyá, mo ti rí i."

Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n dìde, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n sì lọ láti ilé dé ilé ní òpópónà wa: "Bàbá bàbá mi gba ẹ̀mí ọmọ méjì là!" Kó tó di alẹ́, ẹni tó ń gbé mílíìkì kiri pàápàá ti gbọ́. Clive fi férémù gba ìwé ìròyìn náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè ibi ìdáná ooru. Pásítọ̀ gbọ́, ó ní Ìyá Winnie á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù Kẹfà.

Hilda nìkan ni kò gbọ́. Ó ti ṣẹ́ egungun ìdí, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní etí òkun ní Rhyl.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Podmore wá ń yọ mí lẹ́nu bí egungun ẹja ní ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní kí n sáà ṣe é kí ọkàn mi balẹ̀. Mo wo ìwé ikú, mo rí Enoch Salt kan, mo sì kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Oṣù Kejì ni ó dé.

Enoch Salt, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ti Longton. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1881.

Ọdún 1886 ni wọ́n bí bàbá Ìyá Winnie. Mo ṣírò ó lórí ìka. Mo ṣírò ó lórí bébà. Bí mo ṣe ṣírò ó tó, ọdún márùn-ún náà ni.

Mo fi àpò ìwé náà sínú épírọ́ọ̀nù, mo lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo fẹ́ sọ ọ́! Nígbà tí mo wọlé, Ìyá Winnie ń fi aṣọ nu dígí férémù.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá," wọ́n ń kí i. Wọ́n yíjú sí mi, ojú tì wọ́n díẹ̀. "Avril, má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ṣé o mọ̀ pé mo ń sùn dáadáa báyìí? Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi kì í sùn dáadáa."

Kí lẹ ó ti ṣe, ẹ̀yin òǹkàwé? Èmi béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí n bá wọn ra ọ̀dùnkún bọ̀.

Mo padà sílé, mo gbé bébà tí a tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ ṣíbí sókè, mo sì tẹ àpò ìwé náà sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹun pẹ̀lú irọ́ lábẹ́ ṣíbí. Ìyá Winnie ra fìlà tuntun, aláwọ̀ ewé, tó ní ìyẹ́ ẹyẹ, fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú mi. Mò ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Clive wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì tó ṣẹ́kù.

"Hilda ti dé láti Rhyl o."

"Kó wá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kó wá gbọ́. Etí rẹ̀ ni mo dìídì ń sọ ọ́ fún."

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa jókòó sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kéèkì àti tíì wà lórí tábìlì. Ìyá Winnie dìde nínú fìlà wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Enoch Salt ló ń ṣàn lára mi," wọ́n ní, "ẹni tó fò sínú omi dídì nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn kan sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo dárí jì wọ́n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hilda ò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọ̀pá méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde.

"Winnie, Enoch wo lò ń sọ?"

"Enoch Salt, bàbá bàbá mi. Èyí tó já bọ́ láti ojú ọ̀run."

"Èyí tó gbé ọmọ méjì jáde nínú omi dídì, lọ́dún 1881?"

"Òun náà ni. Àbí o ti gbọ́ nípa ẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Martha Salt ni ìyá mi kó tó wọlé ọkọ. Òtútù omi yẹn ló pa á, kò tó oṣù méjì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò fẹ́yàwó, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì kún. Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá ẹ?"



"Ọdún 1886," ni Ìyá Winnie dáhùn, ohùn wọn ti wọlẹ̀.

"A jẹ́ pé inú sàréè ló ti bí i nìyẹn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ìyá Winnie yíjú sí mi. Gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn bá tiwọn yí.

"Avril?"

"Mo ṣì í ṣe ni, Ìyá," mo ní. "Ẹ má bínú. Àṣìṣe ni."

Nínú mọ́tò, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé itan. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ kàn mí ní orúnkún. "Kò séèyàn tí kì í ṣàṣìṣe. O gbìyànjú, ọmọ mi." Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Clive ní ilé ìdáná pẹ̀lú òòlù àti ìṣó. Dúrọ́ọ̀ ṣíbí tó máa ń há ló ní òun fẹ́ tún ṣe. Bébà ìtẹ́dí ti wà nílẹ̀. Àpò ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oṣù Kejì ni wọ́n lu òǹtẹ̀ yìí," ó ní.

"Clive, mo fẹ́ sọ ọ́..."

"Oṣù Kẹfà ni ìyá mi dìde níwájú ìjọ." Kò pariwo. Ọkọ mi kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí. "Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Ilé kẹta ni. O mọ ọ̀nà."

Mo lọ. Mo dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tó fọ́ àwo. Férémù ti kúrò lára ògiri, ojú ibi tó wà ṣì funfun.

"O mọ̀?" ni Ìyá Winnie béèrè.

"Mo mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí o bá mi tí mò ń kí i?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Nígbà tí mo lọ ra fìlà ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Jáde nílé mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ń se ẹran lọ́bẹ̀, mo ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà wọn; ní ọjọ́ kejì màá bá àwo náà ní fífọ̀, á mọ́ kedere, ẹyẹ ológoṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn á sì ti sanra sí i.

Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ṣe ni iṣẹ́ tí mo sá fún. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Podmore, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n nu awò ojú wọn.

"Pe orúkọ náà kí n gbọ́."

"Salt."

"Ìyẹn ni bí olùkọ́ ṣe ń pè é. Ìyá ìyá rẹ tó ṣiṣẹ́ amọ̀ ní Longton ńkọ́, báwo ló ṣe máa ń pè é?"

Mo ronú sí i. "Sote," mo ní. "Wọ́n á ní, 'Ẹ bá mi mú *sote* wá síbi ọbẹ̀.'"

A wo ara wa. Ẹni tí kò mọ̀wé ló lọ sọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé tí kì í ṣe ará ìlú; akọ̀wé sì kọ ohun tó gbọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni mo ti ń wá ọkùnrin náà lábẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é rí.

Kò gbà tó wákàtí kan. Enoch Sote, inú ìwé ìbí, 1862. Enoch Sote, ìwé ìkànìyàn ọdún 1891, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Keziah, ìyàwó. Albert, ọmọkùnrin, ọdún márùn-ún.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, Bàbá? Mi ò lè ka ìkọ̀wé yìí."

Bàbá Podmore wúkọ́. "Ó... hmm. Agbépóò ni."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Albert tó dàgbà di akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wọ kọ́là funfun ní ojoojúmọ́, ọmọ ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú garawa, tó ń kó ṣáláńgá àwọn èèyàn ni. Ohun tí kò jẹ́ kó lanu nìyẹn.

Sátánì tún wá bá mi lórí àga yẹn gan-an. Ó ní, "Kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Irọ́ kọ́." Mo lé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba gbogbo ìwé ẹ̀rí pé: ìbí Enoch, ìgbéyàwó rẹ̀, ìbí Albert tí orúkọ bàbá wà lára ẹ̀. Mo sì sin ín: ó kú lọ́dún 1903, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Albert lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ̀rọ̀ gba ojú ihò lẹ́tà lára ilẹ̀kùn Ìyá Winnie. "Ìyá, mo ti rí i. Ìwé márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe akọni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, ìka dúró.

"Agbépóò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo dìde láti gbá wọn mọ́ra, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín wọn fi fẹ́ já bọ́. "Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń fẹ́ gbọ́ èyí! Ó bí i! Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀! Bàbá mi ní bàbá, Avril!"

Wọ́n tún fa bébà ìkànìyàn mọ́ra. "Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀ níbí, ilé kẹfà sí tirẹ̀? Martha Salt, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún..."

"Ìyá Hilda ni," mo ní.

Ìyá Winnie dìde, wọ́n lọ mú fìlà.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, wọn ò lọ sí àyè wọn. Tààrà ni wọ́n lọ bá Hilda níbi tó ti ń mu tíì.

"Hilda, mo ti rí bàbá bàbá mi, èyí tó jẹ́ tèmi. Òpópónà kan náà ni wọ́n jọ gbé pẹ̀lú àwọn ìyá ìyá ẹ. Òun ló ń kó ìgbẹ́ yín."

Ife gbogbo dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo wá ibi tí màá wọ̀ sí.

Hilda gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àbí èyí tó ń kọrin ni?"

"Kí ni?"

"Ìyá mi máa ń sọ ọ́. Ó ní agbépóò kan wà ní òpópónà wọn tó máa ń kọrin bọ̀ láti òkèèrè, kí àwọn èèyàn lè rí àyè ti fèrèsé, kí ojú má baà tì wọ́n, kí ojú má sì tì í. Ó ní ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn kan máa ń ṣí fèrèsé dípò kí wọ́n tì í."

Ìyá Winnie fa àga, wọ́n jókòó tì í. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ẹbí náà.

"Orin wo ni?" wọ́n béèrè. "Hilda, ṣé o ṣì mọ orin náà?"

Hilda pa ojú dé, ó ń wá a. Ohùn tó jáde ti ya bí aṣọ àtijọ́. Ìyá Winnie gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pè mí láìwo ẹ̀yìn.

"Avril, bọ́ síbí, mú bírò dání. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣe kọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́ o. Bí o kò bá gbọ́ ibì kan, fi àlàfo sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Àlàfo méjì ló wà níbẹ̀ títí di òní.